Ìdá Nínú Ìdá

Kí ọmọ Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn kankan tó fi ẹfun kọ ìdá sára pátákó, àwọn àgbà ìdílé ti ń pín ìdá nínú ìdá. Ikú ló kọ́ wọn. Bí baálé tó ní aya mẹ́rin bá kú láìkọ ìwé ìpíngún, ìdí-igi ni wọ́n fi ń pín ogún rẹ̀: ọ̀nà mẹ́rin, ọ̀kan fún ọmọ aya kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ìyá kan bá ti bí ọmọ mẹ́ta, 1/3 nínú 1/4 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1/12. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí á gba 1/4 tirẹ̀ lódidi. Ẹni tí èyí bá dùn á ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, kí gbogbo ọmọ gba iye kan náà! Irú ìjà bẹ́ẹ̀, lórí ogún Suberu Dawodu ní Èkó, tó fi aya mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, dé iwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Ìdí-igi ló borí.

Ìṣirò náà ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí 1550 ṣáájú ìbí Jésù, Ahmes, akọ̀wé ilẹ̀ Íjíbítì, kò kọ 2/5 bí a ṣe ń kọ ọ́. 1/3 àti 1/15 ló pa pọ̀. Brahmagupta ará Íńdíà ti la òfin sísọ ìdá di púpọ̀ sílẹ̀ ní 628. Ní nǹkan bí 820, al-Khwarizmi ní Bagdad fi apá ńlá nínú ìwé áljẹ́brà rẹ̀ ṣàlàyé ogún pípín.

Irú ogún bẹ́ẹ̀, ní ìlànà Ìsìláàmù, ni àwọn àáfà ń pín ní Òkè-Ògùn, agbègbè Ṣakí àti Ìsẹ́yìn. Ká ní ọkùnrin kan tí òbí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ kú, ó fi aya kan, ọmọkùnrin mẹ́ta àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Aya gba 1/8, ó ku 7/8. Ìpín ọkùnrin jẹ́ ìlọ́po méjì ti obìnrin, nítorí náà ìyókù di ọ̀nà méje. Ọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba 2/7 nínú 7/8. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á sọ òkè di púpọ̀ pẹ̀lú òkè, ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìsàlẹ̀, á rí 14/56, á wá máa wá ohun tó lè pín in. Ẹni tó mọṣẹ́ ti rí i pé 7 òkè àti 7 ìsàlẹ̀ pa ara wọn rẹ́: 2/8 ló kù, ìyẹn 1/4. Ọmọbìnrin náà àti ìyá rẹ̀ dọ́gba ní 1/8.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀ dé ní 1955, àwọn ọmọ ń bá ìdá pàdé ní ilé-ìwé pẹ̀lú. Láyé ìgbà náà, owó pàápàá jẹ́ ìdá nínú ìdá: kọ́bọ̀ kan jẹ́ 1/12 ṣílè, ṣílè jẹ́ 1/20 pọ́n-ùn, kọ́bọ̀ wá di 1/240 pọ́n-ùn. Náírà fòpin sí èyí ní 1973. Ogún nìkan ni kò kúrò nínú ìdá: aya kì í gba 0.125, 1/8 ló ń gbà.