Alùpùpù Asáré Kékeré

Alùpùpù asáré kékeré ni èyí tí a ṣe fún eré sísá ju ẹrù rírù lọ, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í sábà kọjá 250cc. Bajaj Pulsar NS200, tí wọ́n gbé jáde ní Íńdíà ní 2012, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn: 199.5cc ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, omi ní ń tù ú, jíà rẹ̀ jẹ́ 6, pílọ́ọ̀gì 3 sì ń ṣáná sí orí písítìn kan ṣoṣo kí epo lè jó tán porogodo. Àgbàlagbà kì í sáré lásán. Ẹ́ńjìnnì kékeré yìí náà kì í ṣàdédé ké, nítorí ìgbà tó bá yí tó ìgbà 9,500 ní ìṣẹ́jú kan ni agbára rẹ̀ ń pé, nǹkan bí agbára ẹṣin 23. Ní ìdàkejì, Boxer BM150, arẹrù-má-sọ̀ àwọn ọlọ́kadà, kò ju 144.8cc lọ, afẹ́fẹ́ ní ń tù ú. Ẹni tó gùn ún a nàró ṣánṣán, ṣùgbọ́n ẹni tó gun Pulsar a tẹ̀ síwájú sí orí táǹkì.

Ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì kan òfin pẹ̀lú: ní Èkó, òfin ìrìnnà ọdún 2012 ká ọ̀kadà lọ́wọ́ kò ní ọ̀pọ̀ òpópónà, àfi àwọn akóẹrù-jíṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì wọn bá tó 200cc. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba fòfin de ọ̀kadà akérò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Etí-Ọ̀sà sì wà lára wọn.