Fífi Ọ̀rọ̀ Lọ Àwọn Ọmọdé àti Ọ̀dọ́

Fífi ọ̀rọ̀ lọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni gbígbọ́ tẹnu wọn kí àgbà tó parí ọ̀rọ̀ tó kàn wọ́n, yálà nílé, níléèwé, nílé ìwòsàn tàbí ní kóòtù. Ẹ̀tọ́ wọn ni, kì í ṣe oore. Abala 12 ìwé àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 1989, ní kí ọmọ tó bá ti lè dá èrò rò láǹfààní láti sọ ọ́, kí wọ́n sì ka èrò náà sí bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ bá ṣe mọ. Kò ní kí àgbà ṣe gbogbo ohun tí ọmọ bá wí. Nàìjíríà tẹ́wọ́ gba àdéhùn yìí lọ́dún 1991, ó sì ṣòfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ lọ́dún 2003. Òfin náà ní kí kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀.

Èrò yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, tó gbà pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Síbẹ̀, “pa ẹnu mọ́, àgbà ń sọ̀rọ̀” ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ìpalára pípa ọmọ lẹ́nu mọ́ kì í ṣe kékeré: bí ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ iléèwé kò bá ṣeé tì, ọmọbìnrin tó ń dín omi mímu kù kó má baà wọbẹ̀ ló mọ̀, kì í ṣe ìgbìmọ̀ tó ń pín owó àtúnṣe.

Lọ́dún 1992, olùwádìí kan, Roger Hart, fi àkàbà onípele mẹ́jọ ṣàlàyé bí ọmọdé ṣe ń kópa. Kò ka mẹ́ta ìsàlẹ̀ sí ìkópa rárá: kí àgbà máa fi ẹnu ọmọ sọ ọ̀rọ̀ tara rẹ̀, kí ó fi ọmọ ṣe ọ̀ṣọ́ níbi ayẹyẹ, tàbí kí ó pè é sípàdé nítorí kí wọ́n lè ní ó wà níbẹ̀. Púpọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ìpàdé ọ̀dọ́ kò kọjá ibẹ̀.

Ìlú Barra Mansa ní Brazil ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn ọmọdé ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò yan ọmọkùnrin 18 àti ọmọbìnrin 18 sí ìgbìmọ̀ tó pinnu bí wọ́n ṣe máa ná apá kan owó ìlú.

Lọ́dún 2007, Laura Lundy ti yunifásítì Queen's ní Belfast ka ohun mẹ́rin tí abala 12 ń béèrè: àyè, ohùn, ẹni tó ń gbọ́, àti ipa lórí ìpinnu. Ibi ìkẹyìn ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń bàjẹ́. Àwọn àgbà yóò kó èrò àwọn ọmọ jọ, wọn kò sì ní jábọ̀ fún wọn. Bí ohun tí àwọn ọmọ béèrè kò bá ṣeé ṣe, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ìdí rẹ̀, lédè tó yé wọn, lẹ́nu ẹni tó ṣe ìpinnu náà.