Ẹ̀jẹ́ Àwọn Náìtì: Òfin Tí Wọ́n Ṣe fún Ẹni Tó Mú Idà Lọ́wọ́

Ní ọdún 1152, Ọba Stephen ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ogun ti odi Newbury. John Marshal ló ń ṣọ́ odi náà. Nígbà tí ọwọ́ ogun le, John bẹ ọba pé kó fún òun láyè díẹ̀ kí òun fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá òun kí òun tó túúbá. Ó fi William ọmọ rẹ̀, tí kò ju ọmọ ọdún mélòó kan lọ, ṣe ìdógò. Àyè tí ọba fún un yìí ni John fi kó oúnjẹ àti ọmọ ogun kún inú odi, ló bá ní òun ò túúbá mọ́. Àwọn ènìyàn ọba ní àwọn yóò so ọmọ náà kọ́. Èsì tí baba fọ̀ ni pé òun ṣì ní owú àti irin àgbẹ̀dẹ tí òun yóò fi rọ ọmọ mìíràn tó dára ju ìyẹn lọ. Wọ́n mú William lọ síbi tí wọ́n fẹ́ so ó kọ́ sí. Ọmọdé ò mọ ohun tó ń lọ. Ọ̀kọ̀ tó wà lọ́wọ́ ìjòyè kan ló wù ú, ó ní kó fún òun kí òun fi ṣeré. Àánú ọmọ náà ṣe ọba. Ó gbé e, ó mú un padà sí àgọ́.

Ọmọ yìí ló dàgbà di William Marshal, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí akọni tó ta gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí akéwì kan kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ lédè Faransé, ìlà ewì náà sì ju 19,000 lọ. Inú rẹ̀ ni a ti rí ọ̀rọ̀ Newbury. Mo fi í ṣáájú nítorí pé gbogbo ohun tí òfin àwọn náìtì wá dá lé lórí ló wà níbẹ̀: àdéhùn tí ẹnì kan dà, aláìlágbára tó bọ́ sọ́wọ́ alágbára, àti àánú tí kò sẹ́ni tó lè fi dandan gbà lọ́wọ́ ọba.

Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Cheval ni Faransé ń pe ẹṣin. Chevalier ni ẹni tó ń gùn ún lọ sógun. Chevalerie ni ẹgbẹ́ wọn, orúkọ yìí kan náà ni wọ́n sì fi ń pe ìwà tó yẹ wọ́n. Ritter ni ti Jámánì, ìyẹn agẹṣin. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gba ibòmíràn: cniht, tó bí knight tiwọn, ọmọdékùnrin tàbí ìránṣẹ́ ló ń jẹ́ láyé àtijọ́. Ìránṣẹ́ ẹni ńlá, tó ń jagun lórí ẹṣin ni náìtì, kí ó tó di ẹni ńlá fúnra rẹ̀.

Ẹṣin ogun kì í ṣe ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà. Ẹ̀wù irin ń bẹ níbẹ̀, àṣíborí ń bẹ níbẹ̀, gàárì, àlùkẹ́ńbù, idà, ọ̀kọ̀, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú ẹṣin. Ẹni tó ní gbogbo èyí di olúwa lórí ẹni tí kò ní. Nígbà tí agbára ọba Faransé rẹlẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹwàá, ìjòyè kọ̀ọ̀kan kọ́ odi tirẹ̀, ó kó ẹlẹ́ṣin jọ, wọ́n sì ń fi ipá gba màlúù àti ọkà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: adigunjalè ni púpọ̀ nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí òfin fi wáyé. Ẹni tí kò lè ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ ní ibi, ta ni yóò jókòó ṣòfin dè é?

Àwọn àlùfáà ló kọ́kọ́ dìde. Ní ọdún 989, àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ sí Charroux ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n fi ègún lé ẹnikẹ́ni tó bá fọ́ ilé ìjọsìn, tó bá gba ẹran ọ̀sìn tálákà, tàbí tó bá lu àlùfáà tí kò gbé ohun ìjà. Ní ọdún 1027, ní Toulouges, wọ́n tún fi ọjọ́ kún un: láti ọjọ́ Sátidé títí di òwúrọ̀ Mọ́ńdè, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọlu ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fà á gùn débi pé láti alẹ́ ọjọ́rú ni ìjà ti gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Egungun ẹni mímọ́ ni wọ́n ń gbé jáde kí àwọn ẹlẹ́ṣin fi búra. Ìbúra yìí ni mo kà sí gbòǹgbò gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ewì tàbí ìfẹ́ nínú rẹ̀. Màlúù àgbẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìjọ kan náà ló tú wọn sílẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ní ọdún 1095, ní Clermont, Póòpù Urban Kejì ní kí àwọn tó ń pa ara wọn nílé kọjú ogun sí ìlà oòrùn. Nígbà tí wọ́n gba Jerúsálẹ́mù ní 1099, wọ́n pa Mùsùlùmí, wọ́n pa Júù, tọkùnrin tobìnrin. Ẹni tó ti búra pé òun kò ní fọwọ́ kan tálákà ilẹ̀ rẹ̀ rò pé ẹ̀jẹ́ náà kò kan àjèjì. Àlébù yìí ò kúrò nínú òfin náà títí ayé rẹ̀ fi parí.

Ohun kejì tó tún ìwà wọn ṣe ni owó, ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Náìtì tó bá mú náìtì ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ogun kì í fẹ́ pa á, torí pé àwọn ẹbí rẹ̀ yóò mú owó ìtúsílẹ̀ wá. Ẹni tí wọ́n mú yóò búra, wọn á jẹ́ kó lọ sílé lọ wá owó, ó sì gbọ́dọ̀ padà wá bí kò bá rí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin wá dà bí owó tí à ń ná lọ́jà; ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá níyì, ikú ló kù fún un lójú ogun tó ń bọ̀. Nínú eré ogun, níbi tí àwọn náìtì ti ń kọlu ara wọn nínú pápá gbalasa, William Marshal, tí kì í ṣe àkọ́bí, tí kò sì ní ilẹ̀ kankan, fi ọ̀nà yìí di olówó. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dòwò pọ̀, akọ̀wé kan ń bá wọn ṣírò rẹ̀: láàárín Pẹ́ńtíkọ́sì àti Lẹ́ńtì, náìtì 103 ni wọ́n mú.

Lẹ́yìn èyí ni ewì dé. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìlá, akéwì Faransé kan, Chrétien de Troyes, kọ ìtàn Lancelot, ọ̀kan nínú àwọn náìtì Ọba Arthur, fún Marie, ọmọ ọba Faransé tó fẹ́ ìjòyè Champagne. Láti ìgbà náà, kò tó kí náìtì mọ idà lò. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ti ń bá obìnrin sọ̀rọ̀, bí wọ́n ti ń jẹun láàárín àwùjọ, bí wọ́n ti ń fúnni lẹ́bùn láìka iye rẹ̀. Ìgboyà, òótọ́ sí ọ̀gá, ìlawọ́, ìwà pẹ̀lẹ́: àwọn wọ̀nyí ni orúkọ tó ń tún ara wọn pè nínú àwọn ìwé ìgbà náà.

Kò sí ìgbà kan tí gbogbo náìtì Yúróòpù jókòó fọwọ́ sí òfin kan ṣoṣo. Ìwé oríṣiríṣi ló wà, olúkúlùkù sì ní tirẹ̀. Èyí tó tàn kálẹ̀ jù ni èyí tí Ramon Llull, ọmọ erékùṣù Mallorca, kọ ní nǹkan bí ọdún 1275. Nínú ìwé náà, ọ̀dọ́kùnrin kan ń lọ sí ààfin kí wọ́n lè fi í jẹ náìtì. Oorun gbé e lọ lórí ẹṣin, ẹṣin yà kúrò lọ́nà, ó gbé e dé ibi orísun omi kan nínú igbó. Ibẹ̀ ni arúgbó náìtì kan tó ti fi ayé sílẹ̀ ń gbé. Arúgbó bi í pé kí ni iṣẹ́ náìtì; kò mọ̀ ọ́n. Ó ń lọ gba oyè tí kò mọ ẹrù rẹ̀! Arúgbó wá kọ́ ọ pé gbogbo ohun ìjà ló ní ìtumọ̀: ojú méjèèjì idà ń sọ pé ẹni tó mú un gbọ́dọ̀ di oyè rẹ̀ mú, kó sì ṣe ìdájọ́ òdodo, ọ̀kọ̀ tó gùn tó sì tọ́ ni òtítọ́. Lójú Llull, náìtì tó ń jalè ló yẹ kí àwọn náìtì yòókù gbógun tì ṣáájú ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n ti ń fi wọ́n jẹ oyè náà ò yàtọ̀ púpọ̀ sí bí ọmọṣẹ́ ṣe ń gba òmìnira. Yóò ti sin ọ̀gá fún ọdún gígùn, yóò ti fọ ẹ̀wù irin, yóò ti bọ́ ẹṣin. Nígbà tí àsìkò bá tó, á wẹ̀, á wọ aṣọ funfun, á fi gbogbo òru gbàdúrà nílé ìjọsìn, lẹ́yìn náà ni wọn á de idà mọ́ ọn ní ìbàdí, wọn á sì gbá a lọ́rùn tàbí léjìká, kó má bàa gbàgbé.

Geoffroi de Charny, náìtì ará Faransé, kọ ìwé tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1350. Ó ní oyè náìtì nira ju ti àlùfáà lọ, nítorí ikú wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ó kú sí ogun Poitiers ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 1356, àsíá ọba Faransé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ ló ṣe.

Ẹ wá wo àwọn tí kò sí nínú ìwé. Láàárín ọ̀rúndún kẹrìnlá yẹn kan náà, àwọn náìtì Gẹ̀ẹ́sì ń gun ẹṣin la ilẹ̀ Faransé kọjá, wọ́n ń dáná sun abúlé lẹ́yìn abúlé kí ọba Faransé má bàa rí owó orí gbà. Àgbẹ̀ ò ní ẹbí tó lè san owó ìtúsílẹ̀, nítorí náà àánú ò kàn án. Ní ogun Agincourt, ní ọdún 1415, ẹ̀rù ba Henry Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, pé ogun tún ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ní kí wọ́n pa àwọn tí wọ́n ti mú lójú ogun. Àwọn náìtì rẹ̀ lọ́ra. Gẹ́gẹ́ bí àwọn tó kọ ìtàn ogun náà ṣe sọ, tafàtafà 200 ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Owó tó ń bọ̀ wá bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Bóyá àánú ló fà á tí wọ́n fi lọ́ra, bóyá owó ni.

Ìbúra tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé Thomas Malory lórí Ọba Arthur, tí William Caxton tẹ̀ jáde ní 1485. Níbẹ̀, lọ́dọọdún nígbà Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn náìtì Arthur ń búra pé àwọn ò ní pànìyàn lọ́nà àìtọ́, àwọn ò ní dalẹ̀, àwọn yóò ṣàánú fún ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀, àwọn yóò gbèjà obìnrin, àwọn ò sì ní torí ìfẹ́ tàbí ohun ayé jà nínú ẹjọ́ tí kò tọ́. Inú ẹ̀wọ̀n ni Malory ti kọ ọ́. Ẹni tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun ni Malory yìí, olè jíjà àti ìfipábánilòpọ̀ wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n ìbúra náà ò torí rẹ̀ di asán.

Ìbọn wà lára ohun tó lé náìtì kúrò lójú ogun. Ọta ìbọn ló pa Bayard, náìtì Faransé tí wọ́n ń pè ní aláìfòyà àti aláìlábàwọ́n, ní ọdún 1524. Nígbà tí Cervantes ará Sípéènì yóò fi gbé Don Quixote, ìwé tó fi ìtàn náìtì ṣe yẹ̀yẹ́, jáde ní 1605, ìtàn náìtì ti di ohun tí à ń kà nílé.

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tún jí i dìde, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú ohun tí à ń gbọ́ lónìí ti wá. Ivanhoe, ìwé ìtàn náìtì tí Walter Scott kọ, gba ìlú kan. Ní 1839, ìjòyè Eglinton ní Scotland pe eré ogun, òjò sì rọ̀ bà á jẹ́. Léon Gautier, ọmọ Faransé, gbé ìwé jáde ní 1884, ó to òfin náìtì mẹ́wàá sínú rẹ̀. Òfin mẹ́wàá yìí ni àwọn ènìyàn ń pín kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé náìtì àtijọ́ ló kọ ọ́. Gautier ló kọ ọ́, ó ṣà á jọ láti inú ewì ogun. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe ìlànà ìgbésí ayé rẹ̀, kó ka ìkẹfà dáadáa: ó ní kí wọ́n máa bá aláìgbàgbọ́ jagun láìdáwọ́ dúró, láìṣàánú.

Àwọn obìnrin náà ti yẹ òfin àwọn náìtì wò. Christine de Pizan, opó tó ń fi ìwé kíkọ bọ́ ọmọ, kọ ìwé lórí ogun àti ìṣe náìtì ní 1410. Mary Wollstonecraft, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ní 1792 pé ìkẹ́ tí ọkùnrin ń fi ṣe obìnrin bí ẹni ń ṣìkẹ́ ọmọ ọwọ́ ń tẹ̀ wọ́n rì ni. Mo gbà fún un. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún obìnrin, tó wá gba owó iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò ṣe nǹkan kan.

Nínú ìwé tó kọ fún àwọn ọmọdékùnrin ní 1908, Baden-Powell, tó dá ẹgbẹ́ Síkáótù sílẹ̀, ní ọ̀dọ̀ àwọn náìtì ni Síkáótù ti kọ́ àṣà oore kan lójúmọ́. Ẹgbẹ́ Síkáótù dé Nàìjíríà ní 1915, ọ̀pọ̀ bàbá wa sì búra níbẹ̀ láìmọ̀ pé ìbúra náà ní baba ńlá. Ṣùgbọ́n ibi tí mo rò pé ẹ̀jẹ́ àtijọ́ náà ti dàgbà jù ni àdéhùn The Hague ti 1907 lórí òfin ogun: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kéde pé òun kò ní dá ẹ̀mí sí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa ọ̀tá tó ti ju ohun ìjà sílẹ̀ tó sì ti túúbá. Òfin yìí ò béèrè bóyá ọmọ ìjòyè ni tàbí ọmọ àgbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ William Marshal. Ní ọdún 1219, ó wà lórí àkéte ikú ní Caversham. Wọ́n rán an létí pé ó yẹ kó dá ohun tó gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn padà. Ó ní náìtì 500 ni òun mú láyé òun, òun sì kó ẹṣin àti ohun ìjà wọn. Kò sí bí òun ṣe lè dá a padà. Aṣọ olówó iyebíye wà nílé tó máa ń pín fún àwọn náìtì rẹ̀. Àlùfáà kan ní kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe sàráà fún ìgbàlà ọkàn rẹ̀. Inú bí i sí àlùfáà náà. Ó ní Pẹ́ńtíkọ́sì ti sún mọ́lé, àwọn náìtì òun ló ni aṣọ náà, kí wọ́n pín in fún wọn bí wọ́n ti ń ṣe é. Ó kú ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún. Ilé ìjọsìn Temple ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sin ín sí, ère òkúta tí wọ́n gbà pé tirẹ̀ ni ṣì wà níbẹ̀. Bọ́ǹbù Jámánì bà á jẹ́ ní 1941, wọ́n sì tún un ṣe.