Tí ẹ bá wálé wá sinmi l'Ékìtì: bí ẹ ṣe lè dáàbò bo ìlera yín, àti ibi tó yẹ kí ẹ gbà bí àìsàn bá dé

Ilé làbọ̀ sinmi oko. Tí ọdún bá ti ń parí lọ, ọkọ̀ kì í dá lójú ọ̀nà Ìdó, Ọ̀tùn, Ìyè, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Àwọn ọmọ Èkìtì tó wà l'Ékòó, l'Ábújá, ní Lọ́ńdọ̀nù àti l'Ámẹ́ríkà á máa wálé wá lo ọjọ́ díẹ̀ nínú ilé tí wọ́n kọ́ sílé. Àwọn mìíràn á kó ìdílé wọn lọ sí ilé ìgbafẹ́ Ìkọ́gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, tàbí kí wọ́n yà wo omi Àrìnta tó ń já bọ́ láti orí òkè ní Ìpólé-Ìlórò. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì ni ibi méjèèjì yìí wà.

Afẹ́fẹ́ dára níbẹ̀, ariwo ò sí. Ṣùgbọ́n ọsibítù ńlá kì í sí nítòsí, ọ̀nà lè má dára, iná lè má sí, nẹ́tíwọ̀kì fóònù náà sì lè máa ṣe ségesège. Ọ̀pọ̀ àìsàn tó ń mú èèyàn nírú ibẹ̀ ló ní oògùn. Ìdádúró ló ń sọ wọ́n di ńlá: kí wọ́n ní "ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ mọ́ ná", kí wọ́n máa lo oògùn tí ẹnikẹ́ni ò ṣàyẹ̀wò fún, tàbí kó jẹ́ òru ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bèèrè ibi tí ọsibítù wà. Èyí ni àwọn ohun tó yẹ kí onílé àti àlejò mọ̀.

KÍ Ẹ TÓ GBÉRA

Abẹ́rẹ́ àjẹsára yẹ́lò fífà ni ẹ kọ́kọ́ wò. Ó kéré tán, ọjọ́ 10 kí ẹ tó gbéra ló yẹ kí ẹ ti gbà á. Láti ọdún 2016 ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé ẹni, nítorí náà ẹni tó bá ti gbà á rí kò nílò òmíràn lẹ́nu ibodè.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ibà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ti pẹ́ lókè òkun ló máa ń sọ pé, "Ibà ò lè ṣe mí ní nǹkan kan, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí." Ọ̀rọ̀ yìí ti kó bá ọ̀pọ̀ èèyàn. Agbára tí ara fi ń bá ibà jà a máa dín kù bí èèyàn bá ti pẹ́ kúrò níbi tí ẹ̀fọn ti ń jẹ ẹ́ déédéé. Ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún kò tiẹ̀ ní in rárá. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkè òkun gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn ìdènà ibà. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀:

- Atovaquone-proguanil, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Malarone. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìrìn àjò, wọ́n á máa lò ó lójoojúmọ́, wọ́n á sì lò ó fún ọjọ́ 7 sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá padà.
- Doxycycline. Ojoojúmọ́ ni òun náà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 4 ni wọ́n á fi lò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá padà. Kì í ṣe fún aláboyún àti ọmọ kékeré.
- Mefloquine. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 ṣáájú, wọ́n á sì lò ó fún ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn ìpadàbọ̀. Kò yẹ fún ẹni tó ní wárápá tàbí ẹni tó ti ní àìsàn ọpọlọ rí.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée tàbí wárápá gbọ́dọ̀ kó èyí tó máa tó o títí á fi padà, kó sì fi ti ọ̀sẹ̀ kan sí i. Inú páálí rẹ̀ ni kó wà, inú báàgì tí ẹ gbé lọ́wọ́ ni kí ẹ sì kó o sí, kì í ṣe inú ẹrù tó lè sọnù. Ẹ ya fọ́tò ìwé tí dókítà fi kọ oògùn náà sínú fóònù yín. Àwọn tó ń gún insulin kò gbọ́dọ̀ fi sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Bí iná ò bá sí fún fíríìjì, ìkòkò amọ̀ kékeré tí wọ́n gbé sínú ńlá, tí wọ́n fi iyanrìn tútù sáàárín méjèèjì, máa ń jẹ́ kó tutù díẹ̀. Ẹ fi insulin sínú ike kí omi má baà kàn án.

ILÉ TÍ WỌ́N TÌ PA LÁTI ÈṢÍ

Ilé tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí fún oṣù mẹ́wàá ti ní onílé mìíràn: eku, ẹ̀fọn, agbọ́n, nígbà mìíràn ejò. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan lọ ṣí i ní ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn ọmọdé tó wọlé.

Eku ló léwu jù nínú wọn. Eku kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys ló ń tan ibà Lassa kálẹ̀. Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá àìsàn náà mọ̀ ní ọdún 1969, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti bí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, ló máa ń gbilẹ̀ jù, àsìkò tí èèyàn ń wálé gan-an nìyẹn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó pààlà pẹ̀lú Èkìtì wà lára ibi tó ti máa ń jà jù, pàápàá l'Ọ́wọ̀. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ eku ló ń gbé e. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbá ilé náà ní gbígbẹ kí eruku má baà gbé e wọ imú. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ da omi tó ní bílíìṣì sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó rin dáadáa kí ẹ tó nù ún, ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́. Gààrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tó ní ìdérí. Oúnjẹ tí eku bá ti fẹnu kàn, ẹ dà á nù.

Ẹ sọ táǹkì omi di òfo, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sì dé e. Ẹ da omi inú táyà àti agolo nù. Ẹ wo nẹ́ẹ̀tì fèrèsé bóyá ó ti ya, ẹ sì ro koríko àyíká.

Ẹ má gbàgbé jẹnẹrétọ̀. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó lè pa odindi ìdílé lójú oorun. Ìta gbangba, tó jìnnà sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà, ni àyè rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ wà ní kọ́rídọ̀, ilé ìdáná tàbí fàràǹdá. Bákan náà ni ìkòkò èédú tí àwọn kan ń gbé wọ yàrá nígbà ọyẹ́. Bí orí bá ń fọ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì sì ń gbé wọn, kí gbogbo wọn tètè jáde síta, kí wọ́n sì gba ọsibítù lọ.

BÍ ARA BÁ GBÓNÁ

Ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀ ni ẹ̀fọn tó ń fa ibà máa ń jẹ èèyàn. Ẹ sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì olóògùn, ẹ wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀ lálẹ́, ẹ sì fi ìpara tó ń lé ẹ̀fọn pa ara.

Ó kéré tán, bí ọjọ́ 7 ló máa ń gbà kí ibà tó hàn lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá jẹ èèyàn. Bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé bá gbóná ní ọjọ́ kejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nǹkan mìíràn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí èèyàn máa méfò. Ayẹ̀wò ibà kò le: wọ́n á gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti ọmọ ìka, èsì á sì dé láàárín bí ìṣẹ́jú 20. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lè ṣe é. Ẹ lọ lọ́jọ́ tí ara bá gbóná gan-an, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì.

Bí èsì bá fi hàn pé ibà ni, oògùn ACT ni wọ́n máa ń fún èèyàn. Láti ọdún 2005 ni Nàìjíríà ti kúrò lórí chloroquine nítorí pé kò ká ibà mọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ACT ni artemether-lumefantrine. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n ń lò ó láàárín ọjọ́ 3: ẹ̀ẹ̀kejì máa tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà ó di àárọ̀ àti alẹ́. Ẹ fi oúnjẹ tó ní ọ̀rá tàbí epo lò ó, ẹ sì lò ó tán bí ara tilẹ̀ ti yá. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, ẹ má sì rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri nínú bọ́ọ̀sì.

Ẹ má dúró sílé mọ́ bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

- gìrì, tàbí kí ẹni náà máa sọ ìsọkúsọ;
- kó má lè dìde jókòó tàbí dúró;
- kó máa bì gbogbo ohun tó bá jẹ tàbí mu;
- kí ojú rẹ̀ pọ́n bí òféèfèé, tàbí kí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú;
- kó máa mí gúlegúle;
- kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde ní imú, ẹnu tàbí ibòmíràn.

Ọsibítù tó ní dókítà ni kí ẹ gbé e lọ, nítorí abẹ́rẹ́ ló nílò. Bí ibà kò bá sì lọ lẹ́yìn ọjọ́ 2 tàbí 3 tí wọ́n ti ń lo oògùn, ẹ sọ fún dókítà bí ilé bá ní eku, kó lè ronú nípa Lassa. Àjọ NCDC ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ fún irú èyí: 6232.

OMI, OÚNJẸ ÀTI ÌGBẸ́ GBUURU

Omi kànga àti omi odò, àní omi Ìkọ́gòsì tó mọ́ lójú, ẹ sè é kó hó dáadáa kí ẹ tó mu ún. Oúnjẹ gbígbóná ló dára jù. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, gbígbẹ tí ara ń gbẹ ló ń pa èèyàn, pàápàá ọmọdé. Ẹ lo ORS tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ omi mímọ́ lítà 1. Kí ṣíbí náà ṣe déédéé létí, kó má ga. Iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún ọmọ. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì dáwọ́ ọmú dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ojú ọmọ jìn sínú, tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ọsibítù yá.

BÍ EJÒ BÁ BU ÈÈYÀN JẸ

Ẹ má sin gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má fẹnu fa oró, ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ má sì dúró wá ejò náà láti pa á. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ fi igi àti aṣọ di apá tàbí ẹsẹ̀ náà kó má baà mì, ẹ má jẹ́ kó rìn, kí ẹ sì tètè gbé e lọ. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ọsibítù láago, kí ẹ bèèrè bóyá oògùn apa oró ejò wà lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe gbogbo ibi ló ń ní in, wákàtí kan tí ẹ fi gbé e lọ síbi tí kò ti sí lè ba nǹkan jẹ́. Lálẹ́, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì dání, ẹ sì wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀.

IBO NI ỌSIBÍTÙ WÀ?

Fún àríwá Èkìtì, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, tí wọ́n ń pè ní FETHI, ni ibi ńlá tó súnmọ́ ọ̀pọ̀ ìlú, Ìyè àti Ọ̀tùn pẹ̀lú. L'Ádó-Èkìtì, ọsibítù EKSUTH ti ìjọba ìpínlẹ̀ àti ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Afe Babalola wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Ìkọ́gòsì lè bẹ̀rẹ̀ láti Arámọ̀kọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá le, Adó ni kó gbà lọ.

Kí ẹ tó sanwó yàrá ní ilé ìgbafẹ́ èyíkéyìí, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin: Ọsibítù wo lẹ máa ń gbé àlejò lọ? Ta ló ń wakọ̀ lóru? Ṣé àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì wà? Ṣé iná wà fún fíríìjì oògùn? Ní abúlé, ẹ bá awakọ̀ kan ládùúgbò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dé, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ògiri níbi tí ọmọdé ti lè rí i. Nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè ni 112, ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sì ni 122. Ẹ pè wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ má ní awakọ̀.

OWÓ ÀTI ÒFIN

Ẹ fi owó náírà díẹ̀ pamọ́ fún ìtọ́jú nìkan, torí POS lè má ṣiṣẹ́ lóru. Ọ̀pọ̀ ìbánigbófò láti òkè òkun ló jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ máa kọ́kọ́ sanwó, kí wọ́n tó dá a padà. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Ẹ sì mọ̀ pé abala 20 òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ìdí kankan. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san owó ìtanràn ₦100,000, ó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀.

LẸ́YÌN TÍ Ẹ BÁ PADÀ

Ìsinmi lè parí, kí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀. Ní ọdún 2023, èèyàn tó lé ní 2,000 ni ayẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní ibà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wọn ló sì kó o bọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè. Dókítà tí kò mọ̀ pé ẹ wálé lè rò pé òtútù lásán ni. Nítorí náà, bí ara bá gbóná nígbàkigbà láàárín ọdún kan tí ẹ padà, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, ẹ sì fi gbólóhùn yìí ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀: "Nàìjíríà ni mo ti dé, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún ibà."