Ẹsẹ̀, Irin àti Títì ní Agége

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti gba Agége kọjá rí, kò lè ṣàì mọ oríta tí à ń pè ní Pen Cinema. Ilé sinimá kan ni ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ibẹ̀. Ọ̀nà Ìjú, ọ̀nà Ọba Ògúnjí àti ọ̀nà Abẹ́òkúta àtijọ́ pàdé níbẹ̀, ojú irin sì ń kọjá nítòsí wọn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2021, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ṣí afárá gígùn kan tí a gbé gba orí oríta náà, láti ọjọ́ náà ni ẹni tí ó jókòó nínú ọkọ̀ ti lè gba òkè kọjá ní Agége láìfi ojú kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn ṣì wà ní ìsàlẹ̀. Ìtàn ẹni ìsàlẹ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ la ìlú náà, kò sì sí ọ̀nà kan tí a ṣe níbẹ̀ lẹ́yìn náà tí kò yí ìrìn rẹ̀ padà.

Kí a tó dé Agége, ó yẹ kí a rántí bí àwọn baba wa ti ń la ọ̀nà. Nínú àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà a máa ti ẹnu bodè wá sí ààfin, iwájú ààfin náà ni ọjà ọba sì máa ń wà. Ẹni tí ó wá ra iyọ̀ yóò rí ibi tí a ti ń dá ẹjọ́; ẹni tí ó wá rojọ́ yóò pàdé àna rẹ̀ ní ìsọ̀ aláṣọ. Láàrin agbo ilé kan àti èkejì, ọ̀nà tóóró ni ó wà, àlejò kò sì lè gba ibẹ̀ kọjá kí ó má kí ará ilé. Bí ó bá dákẹ́, wọn yóò bi í léèrè ilé tí ó ń lọ. Ọ̀pọ̀ òyìnbó tí ó kọ́kọ́ rí irú ọ̀nà wọ̀nyí ní wọn kò ní ètò. Ètò wọn ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n. Òwe tí ó sì wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bí a tilẹ̀ ń lò ó fún ọ̀rọ̀ mìíràn, òtítọ́ nípa ọjà gan-an ni. Ọjà tí ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo, ọjọ́ tí a bá dí ọ̀nà náà, ọjà tú.

Irú ọ̀nà mìíràn wọ agbègbè Èkó ní ọdún 1867. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà ni Ifọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí a lé àwọn míṣọ́nnárì jáde, ọ̀pọ̀ Kristẹni Ẹ̀gbá sì sá wá sí ìhà Èkó. Gómìnà Glover fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, a sì la ọ̀nà ibẹ̀ ní títọ́, ọ̀kan ń dábùú èkejì. Níbẹ̀ ilé kọjú sí títì, kò kọjú sí àgbàlá mọ́. Ẹni tí ń kọjá kò gba inú ilé ẹnikẹ́ni; iwájú ilé ni ó ń gbà, onílé a sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú láti wò ó. Ìkíni kò parí, ó kàn yí ibùjókòó padà ni. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀nà títọ́ ni mo ń bá jà.

Agége kò rí bí ìlú alááfin, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bí Ẹ̀búté Mẹ́ta. Oko ni. Àwọn kan wí pé láti inú igi gígé ni orúkọ rẹ̀ ti wá, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, orúkọ náà yẹ ẹ́. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí òwò kò dán mọ́rán fún àwọn oníṣòwò Èkó, àwọn kan nínú wọn kọjú sí ilẹ̀ náà, wọ́n gbin kòkó, wọ́n gbin obì. Olókìkí jù lọ nínú wọn ni Jacob Kẹ́hìndé Coker tí oko rẹ̀ wà ní Ìfàkò. Òun kan náà ni ó wà lára àwọn aṣáájú tí ó jáde kúrò nínú ìjọ Breadfruit ní ọdún 1901 tí wọ́n dá African Church sílẹ̀. A kò ní tún ìjà àtijọ́ yẹn jà nínú ìwé yìí. Ní 1907, àwọn àgbẹ̀ náà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Agége.

Ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ wa ni àwọn alágbàṣe wọn. Láti ọ̀nà jíjìn nínú ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti wá gba iṣẹ́ oko. Nígbà tí wọ́n sì ń padà sí ìlú wọn, ọ̀pọ̀ mú irúgbìn kòkó àti ìmọ̀ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀ lọ, àwọn mìíràn sì mú ìgbàgbọ́ tuntun lọ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni kòkó ṣe rin ìrìn-àjò dé àwọn ibi tí títì kò tíì dé. Láàrin oko kan àti èkejì, láti abà dé odò, láti odò dé ilé ìsìn, ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí tẹ ipa. Ipa náà ni a kọ́ ilé sí ẹ̀bá rẹ̀ nígbà tí oko di àdúgbò. Títí di òní, orúkọ Oko Ọba ṣì wà níbẹ̀ láti jẹ́rìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ni ó kún ibẹ̀.

Nígbà náà ni irin dé. Ní ọdún 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Ìddó. Ó dé Abẹ́òkúta ní 1898, ó sì dé Ìbàdàn kí ọdún 1900 tó parí, a sì ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1901. Ọ̀nà irin kò lè wọ́ bí ipa oko. Kò lè yípo igi àràbà, kò sì lè béèrè lọ́wọ́ onílé ibi tí òun yóò gbà. Ó gba àárín kọjá, ó sì pín ilẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì.

Síbẹ̀, irin yìí ni ó sọ Agége di ìlú. Kòkó tí à bá rù lórí lọ sí Èkó, ọkọ̀ gbé e. Obì gbànja di ẹrù tí ó ń lọ sí Òkè Ọya, pàápàá lẹ́yìn tí ojú irin ti dé Kano ní nǹkan bí ọdún 1912. Àwọn Hausa oníṣòwò obì wá, wọ́n sì jókòó, àwọn ọmọ wọn sì ń sọ Yorùbá bí àwa. Bí ó ti rí ní Ìbàdàn, níbi tí Dùgbẹ̀ ti di ọjà ńlá nítorí ojú irin tí ó wà nítòsí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Agége: ibùdókọ̀ ojú irin gba ipò ààfin, ọjà sì kọjú sí i.

Irin méjì tí àlàfo wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6 kò fẹ̀. Láàrin ọkọ̀ kan àti èkejì, wákàtí púpọ̀ lè kọjá. Nínú àlàfo yìí ni àwọn ará Agége ti rí títì tí ẹnikẹ́ni kò là fún wọn. Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí kò ní gọ́tà, tí mọ́tò kò lè gbà: kí ni ẹlẹ́sẹ̀ ìbá tún wá? Ọmọ ilé-ìwé ń gbà á, alágbàṣe ń gbà á, àwọn obìnrin tẹ́ ata àti tòmátì sí ẹ̀bá rẹ̀, nígbà mìíràn sí àárín rẹ̀ gan-an. Bí fèrè ọkọ̀ bá dún, a ó palẹ̀ mọ́. Bí ọkọ̀ bá kọjá, a ó tún tẹ́ ẹ. Búrẹ́dì tí a ń fi orúkọ Agége pè káàkiri ayé lónìí, lórí igbá àti àtẹ ni ó ti kọ́kọ́ rìn. Ó sì dùn mọ́ mi láti rántí pé ọ̀gá nínú iṣẹ́ búrẹ́dì ní Èkó nígbà náà, Amos Shackleford ará Jàmáíkà, akọ̀wé rélùwéè ni nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa ní 1913, kí ó tó ṣí ilé búrẹ́dì rẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ní 1921.

Èmi kò fẹ́ fi oyin sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ ojú irin pa ènìyàn. Ẹni tí ó ń ná ọjà lórí irin, tí ó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ikú ti ń bọ̀, kì í ṣe ẹni tí à ń jowú. Ṣùgbọ́n òun kò yan ibẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn ewu. Ó yàn án nítorí pé ibẹ̀ ni a fi sílẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn èyí ni mọ́tò gba ìlú. Ọ̀nà mọ́tò Agége ń bá irin rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà kí òmìnira tó dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ tí owó oṣù wọn kò tó gba ilé ní Ìkẹjà sì fi Agége ṣe ibùsùn. Ní àwọn ọdún 1970 a la òpópónà márosẹ̀ tí ó lọ sí Abẹ́òkúta gba Dópẹ̀mú. Nísinsìnyí ìlú náà ní irin ní àárín, ó sì ní márosẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn. Ìyá tí ọjà rẹ̀ wà ní apá kan, tí ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ wà ní apá kejì, ó ní láti kọjá nǹkan tí a ṣe fún ẹlòmíràn kí ó tó lè rí ọmọ rẹ̀.

Ní erékùṣù Èkó, wọ́n ti mọ irú èyí rí. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn eku jà ní 1924, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe; ìgbìmọ̀ náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àárín Èkó ní 1955, tí a sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun náà mọ́, ó ní omi, títì rẹ̀ sì gbòòrò. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, ohun tí ó sì rí ni pé àwọn ìbátan tí ń fi ẹsẹ̀ lọ kí ara wọn tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tí ń ka owó ọkọ̀ kí wọ́n tó lọ, àwọn oníṣòwò sì ti jìnnà sí àwọn oníbàárà wọn. Ilé kò burú. Ìrìn láti ilé kan dé èkejì ni a gbàgbé láti kọ́.

Mo padà sí Pen Cinema. Èmi kò ní bú afárá náà. Ẹni tí ó bá ti dúró nínú sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ rí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ. Irin tuntun náà sì dára: a ṣí ti Èkó sí Ìbàdàn ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sì ṣí Red Line, tí ó ti Agbado lọ sí Oyíngbò, ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024, ní oṣù Kẹwàá ọdún náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, Agége sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ wọ̀nyí ń sáré ju ti àtijọ́ lọ, wọ́n sì ń kọjá léraléra, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ní làákàyè tí yóò ní kí a tún padà máa tẹ́ ata sórí irin. Ọgbà tí a fi yí i ká ní ìdí.

Ọgbà náà ni ó sì sọ ojú irin di ògiri. Ibi tí ẹsẹ̀ 20 ti ń gbé ènìyàn kọjá tẹ́lẹ̀, àtẹ̀gùn ni ó ní láti gùn nísinsìnyí, kí ó rìn lókè, kí ó sì tún sọ̀ kalẹ̀. Fún ọ̀dọ́mọkùnrin, eré ni. Fún aboyún, fún ẹni tí ó ru igbá, fún àgbàlagbà tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, owó orí ni, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń san án. Àwọn agbófinró a máa mú ẹni tí ó bá sáré gba abẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ kọjá márosẹ̀, àwọn ènìyàn a sì ní ará Èkó kò gbọ́ràn. Mo ti dúró wo irú àwọn bẹ́ẹ̀. Èmi kò rí aláìgbọràn níbẹ̀ tó bí mo ti rí ẹni tí ó ti rẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹ̀rọ ń tì ni a ń bá wá ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ẹni tí eegun rẹ̀ nìkan ń gbé ni a ní kí ó gun òkè. Ìbá ṣeé ṣe kí a gbé ọkọ̀ gùn, kí a fi ilẹ̀ fún ẹsẹ̀, kí a sì fún un ní ọ̀nà tí ó ní ìbòòji àti ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ afárá. Ní Pen Cinema, ìdajì rẹ̀ ni a ṣe: ọkọ̀ gun òkè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó fi sílẹ̀, àwọn ọkọ̀ mìíràn tún ń bá ẹlẹ́sẹ̀ dù ú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo gba ipa ojú irin náà, mo ṣe àkíyèsí ohun kan ní ìdí àtẹ̀gùn. Àwọn tí ó sọ̀ kalẹ̀ dúró díẹ̀ láti mí, àwọn tí ó fẹ́ gùn dúró láti gbé ẹrù wọn sí orí dáadáa. Nítorí pé wọ́n dúró, obìnrin kan ti gbé búrẹ́dì rẹ̀ wá síbẹ̀. Ẹlòmíràn gbé ẹ̀wà wá. Ọkùnrin kan tí ń ṣe bàtà ti fi àpótí rẹ̀ jókòó. Bàbá àgbàlagbà kan, tí ó di irin àtẹ̀gùn mú ṣùgbọ́n tí kò tíì gùn, ń bi oníbúrẹ́dì náà léèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ wọn.