Kí Irin Yíyọ́ Tó Kúrò Nínú Ìkòkò

Ìlú Òrè, níjọba ìbílẹ̀ Odígbó, wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin. Níbi tí ọkọ̀ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ajákù alumíníọ̀mù kì í wọ́n. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ yọ́ ọ lẹ́yìnkùlé, kó fi da ohun èlò tó wù ú, yẹ lẹ́ni tí a ń kọ ìlànà ààbò fún ní Yorùbá.

Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ ọ́ ti wà nílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ló ni ewìrì àti ẹmú. Bíbélì Yorùbá ti jẹ́ ká mọ ìléru, àti ìdàrọ́, ìdọ̀tí tí a ń ré kúrò lójú irin yíyọ́. Ẹ má ṣe pe iṣẹ́ yìí ní rírọ: òòlù ni ti rírọ. Àwọn tó ṣe orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, lọ́dún 1938, dà á ni. Mọ́ọ̀dù tí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ń pè kò sì nílò àyípadà.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì ń já mi láyà. “Gbẹ” ni àkọ́kọ́. Aṣọ gbẹ, ògiri gbẹ, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mọ́ọ̀dù amọ̀ lè gbẹ lójú kí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Alumíníọ̀mù kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé 660°C. Bí ó bá kan omi yẹn, omi á di ooru omi tó gba àyè rẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,600, á sì ta irin yíyọ́ sójú ẹni tó ń dà á. Nítorí náà, “gbẹ dénú” ni kí á máa kọ. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì náà ń fa omi mu. Orí iyanrìn tó gbẹ dénú ni kí a ti dà á. Ní ti ẹmú àti ajákù tí a fẹ́ fi kún ìkòkò, a ti ní ọ̀rọ̀ tó dáa: kí wọ́n kọ́kọ́ yáná.

“Páànù” ni ọ̀rọ̀ kejì. A ń pe ti alumíníọ̀mù bẹ́ẹ̀, a tún ń pe irin tí a fi síǹkì bò bẹ́ẹ̀. Síǹkì ń hó ní 907°C, ó sì wà nínú idẹ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fa èéfín funfun rẹ̀ símú lè máa gbọ̀n lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, kó rò pé ibà ẹ̀fọn ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ibà èéfín síǹkì, kí aláìsàn lè dárúkọ rẹ̀ fún dókítà.

Ẹ̀yin olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ “gbẹ dénú” àti “yáná” gàdàgbà sára ògiri, kí ẹ tó jẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìkòkò.