Òwò Aṣọ Àlòkù Ọkùnrin àti Táì Sẹ́dà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọdún 1599, ọkùnrin kan láti ilẹ̀ Switzerland, Thomas Platter ní orúkọ, ṣe àbẹ̀wò sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Ó ròyìn pé nígbà tí ìjòyè tàbí ọlọ́lá kan bá kú, a máa fi èyí tí ó dára jù nínú ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀ bí ogún fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìránṣẹ́ wọ ẹ̀wù olúwa rẹ̀ rìn ní ìgboro. Nítorí náà wọn a gbé e lọ tà ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn òṣèré orí ìtàgé. Báyìí ni ẹni tí ó ń ṣe ọba nínú eré fi ń wọ ẹ̀wù tí ọlọ́lá tòótọ́ ti wọ̀ rí. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a fẹ́ kí ẹ fi ìdúnàádúrà yìí sọ́kàn. Ìránṣẹ́ ń fẹ́ owó, òṣèré ń fẹ́ ẹ̀wù, ọ̀kan nínú wọn sì mọ iyì ohun tí ó wà lọ́wọ́ ju èkejì lọ. Lórí ìyàtọ̀ ìmọ̀ yìí ni gbogbo òwò aṣọ àlòkù dúró lé, láti ìgbà náà títí di òní.

Kí ẹ̀rọ tó dé, aṣọ kì í ṣe ohun kékeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í ṣe ohun kékeré láàárín tiwa. Ọwọ́ ni a fi ń ran òwú, ọwọ́ ni a sì fi ń hun ún, tó bẹ́ẹ̀ tí iye owó aṣọ fi ju owó iṣẹ́ télọ̀ lọ púpọ̀púpọ̀. Ẹni tí ó bá ti rí agbádá sányán tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ, tí ọmọ sì tọ́jú rẹ̀ de ọmọ-ọmọ, kò nílò àlàyé lórí èyí. Kóòtù kan a ti ọwọ́ olówó bọ́ sí ọwọ́ ìránṣẹ́, láti ibẹ̀ dé ọjà. A ó yí inú rẹ̀ síta nígbà tí òde rẹ̀ bá ṣá, a ó gé e kúrú fún ọmọdé, a ó sì tà á ní àkísà níkẹyìn. Àkísà funfun pàápàá kò ṣòfò, nítorí òun ni a fi ń ṣe ìwé títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ṣe é. Ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn bàbá ńlá àwọn òyìnbó kà, ẹ̀wù ni ó ti jẹ́ rí.

Ẹni tí ó kọ ìtàn òwò yìí jù lọ ni Henry Mayhew, oníwèé ìròyìn kan tí ó fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri láàárín àwọn tálákà Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú ìwé ní ọdún 1851. Ó júwe ọjà aṣọ àlòkù tí a dá sílẹ̀ ní Houndsditch ní nǹkan bí ọdún 1843. Àwọn tí wọ́n pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà nígbà náà ni àwọn Júù, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀: títí di nǹkan bí ọdún 1830, a kò gba Júù láàyè láti ṣí ìsọ̀ ìtajà sí inú City, ọkàn ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí a kò jẹ́ kí ó jókòó tajà kò ní ju kí ó gbé àpò kọ́ èjìká, kí ó máa kiri láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn ènìyàn fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà nínú àwòrán àti nínú orin, bí ẹni pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n yan iṣẹ́ náà. Nínú irú òwò bẹ́ẹ̀ ni Moses Moses ti bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Covent Garden ní ọdún 1851. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó di Moss Bros, níbi tí àwọn ọlọ́lá ti ń yá ẹ̀wù ìgbéyàwó.

Ohun méjì nínú ìròyìn Mayhew ni a kò lè ṣàì mẹ́nu bà. Èkínní ni ti àwọn tí ń gbé àwo àti ife kiri, tí wọn kì í gba owó, bí kò ṣe ẹ̀wù àlòkù ní pàṣípààrọ̀. Aya ilé a mú kóòtù ọkọ rẹ̀ jáde, a sì gba ife tíì àti àwo pẹlẹbẹ. Bí ó bá jẹ́ opó, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un iye tí kóòtù náà tó. Èkejì ni ti àwọn tí ń sọ ògbólógbòó di tuntun. Wọn a fi aró dúdú tí a fi igi logwood sè pa kóòtù tí ó ti ṣá, títí yóò fi máa dán bí ẹni pé ọjọ́ náà ni ó kúrò lọ́wọ́ télọ̀. Àtúnṣe aṣọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tún un ṣe, kí a sì pè é ní tuntun, olè ni.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ ìránṣọ tàn kálẹ̀. Láti ọdún 1813 ni Benjamin Law ti mọ bí a ti ń fa àkísà irun àgùntàn ya, tí a sì ń tún un ran ní òwú ní ìlú Batley. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì dìde ní Leeds, tí wọ́n ń rán kóòtù àti ṣòkòtò ní iye tí òṣìṣẹ́ lè san. Nígbà tí tálákà lè ra tuntun, aṣọ àlòkù di àmì ìtìjú. Ogun ni ó dá iyì rẹ̀ padà fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù Okúdù ọdún 1941 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pín aṣọ ní ìwọ̀n. Kúpọ́nù 66 ni olúkúlùkù ní fún ọdún àkọ́kọ́. Odidi kóòtù, wẹ́sìkótì àti ṣòkòtò gba 26, táì sì gba 1. Aṣọ àlòkù kò gba kúpọ́nù rárá. Ní ọdún 1942 òfin tún sọ pé a kò gbọdọ̀ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè mọ́, kí aṣọ má bàa ṣòfò. Àmì CC41 tí a tẹ̀ sára ẹ̀wù ìgbà náà, tí ó jẹ́ àmì ìfaradà nígbà kan, ni àwọn oníṣòwò ń wá kiri lónìí bí ẹni ń wá wúrà.

Ní àárín àwọn ọdún 1960 ni àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ àlòkù yangàn. Ìsọ̀ kan wà ní Portobello Road tí ń ta kóòtù pupa àwọn ológun àtijọ́, àwọn olórin sì ń rà á wọ̀ lọ sí orí ìtàgé. Ẹni tí ó bá ka Platter yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀ níhìn-ín.

Nísinsìnyí a dé ọ̀dọ̀ táì, èyí tí ó kéré jù nínú ẹ̀wù ọkùnrin, tí ó sì ń dán ojú oníṣòwò wò jù. Àwọn ọmọ ogun Kròáṣíà tí wọ́n ń jà fún ọba Faransé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n mú un wá, tí àwọn Faransé fi pè é ní «cravate» gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìlú wọn. Ní ọdún 1685, nígbà tí Louis Kẹrìnlá gba òmìnira ìsìn lọ́wọ́ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, àwọn ahunsẹ́dà sá wá sí Spitalfields ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn wọn ni ìlú Macclesfield di olókìkí fún sẹ́dà. Ṣùgbọ́n táì ìgbà náà a máa lọ́, kì í sì í pẹ́ ya. Ní àwọn ọdún 1920 ni Jesse Langsdorf ní New York gé aṣọ náà láti igun sí igun, dípò kí ó tọ òwú rẹ̀ gbọnrangandan, ó sì so ègé mẹ́ta pọ̀. Láti ìgbà náà ni táì ti ń nà, tí ó sì ń padà sí ipò rẹ̀.

Oníṣòwò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a gbé táì náà sókè ní ìka kan: bí ó bá ń yí lọ́tùn-ún lósì, a kò gé e dáadáa. A yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò fún okùn kan ṣoṣo tí a fi ọwọ́ gán an, tí a fi díẹ̀ sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun kí ó lè fà. A wọn fífẹ̀ rẹ̀: ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 fẹ́ràn tínínrín bí íǹṣì 2, ṣùgbọ́n láti 1966 ni Michael Fish ti mú èyí tí ó fẹ̀ tó íǹṣì 4 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wọlé. Bí ó bá ṣiyèméjì, a fa fọ́nrán kan yọ, a fi iná sí i: sẹ́dà a rùn bí irun tí ó jó, eérú rẹ̀ a sì fọ́, polyester a yọ́, a sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ líle. Ohun tí kò sí oògùn fún ni omi, nítorí àbàwọ́n rẹ̀ lára sẹ́dà kì í sábà jáde. Ní ti kóòtù, a ti ọwọ́ bọ àpò inú, níbi tí àwọn télọ̀ ńlá Savile Row ti ń lẹ bébà aláṣọ tí orúkọ oníbàárà àti ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni orúkọ náà jẹ́ ti ẹni tí ó ti kú.

Níbí ni ọ̀rọ̀ opó yẹn ti padà dé. Láti ìgbà tí Oxfam ti ṣí ìsọ̀ sí Broad Street ní Oxford ní ọdún 1947, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń kó ẹ̀wù òkú wọn lọ fún àwọn ilé àánú. Oníṣòwò a wọlé, a ra táì sẹ́dà láàárín àwọn táì mìíràn ní owó kan náà, a sì tà á ní ìlọ́po púpọ̀. Àwọn kan pè é ní ìrẹ́jẹ. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ń tà bá ti fi iye lé e fúnra rẹ̀, nítorí ọdún púpọ̀ ni a fi ń kọ́ ojú láti mọ sẹ́dà, iṣẹ́ ni, ó sì tó owó. Ṣùgbọ́n bí opó náà bá béèrè pé, «Èló ni èyí tó?», tí oníṣòwò sì dákẹ́, kò sàn ju ẹni tí ó gbé ife tíì sí iwájú rẹ̀ lọ.

Èyí tí kò tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ń dì ní bélì ránṣẹ́ sí Áfíríkà. Orúkọ ìlú èbúté Okrika ní ìhà Rivers ni a fi ń pè é ní òkìrìkà, òfin Nàìjíríà sì ka kíkó o wọlé léèwọ̀. Síbẹ̀ ó ń wọlé. Aláròóbọ̀ tiwa a san owó bélì kí ó tó tú u, kò sì lè mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, bóyá táì sẹ́dà ni tàbí àkísà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣa aṣọ ní òkè òkun ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí wọ́n tó fi okùn dì í, wọ́n sì ti yọ èyí tí ó pẹ́ tí ó sì níyì sọ́tọ̀ fún àwọn oníbàárà wọn níbẹ̀.